Omi Inú Ẹ́ńjìnnì Japheth

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Owewe 2025

Òjò láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Odò Ògùn ti bo òkúta tí àwọn obìnrin ń fọṣọ lé.

Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì náà dé lọ́sàn-án, wọ́n há a sáàárín àpò símẹ́ǹtì. Japheth ọmọ mi ló lọ rà á ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, tó ń mu epo dísẹ́ẹ̀lì, tí àwọn apẹja ti lò lórí omi iyọ̀ títí ó fi sú wọn. Mo ti sọ ọ́ ní Ará Ẹ̀pẹ́. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Mo ti ìka bọ ẹnu páìpù rẹ̀, mo fi kan ahọ́n. Iyọ̀. Ó tún korò díẹ̀ — irin tó ti ń jẹ ara rẹ̀.

Àlejò ti dé. Àlejò ni mo ń pe nǹkan tó máa ń jókòó sí mi láyà. Ó ti ń bá mi gbé láti ìgbà tí mo ti ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí àwọn àgbẹ̀ ní Èrúwà, tí mo máa ń délé tán kí n tó padà lọ wò ó bóyá mo ti ilẹ̀kùn.

Kí n sọ òtítọ́ fún ìwé. Àwọn ẹ̀gbọ́n Japheth méjèèjì jáde nílé, wọn ò wálé mọ́, wọn kì í sì í pè. Òun nìkan ló padà wá bá mi ní abúlé Ìdí-Odán yìí, òun àti Keturah ìyàwó rẹ̀. Ó sin adìẹ, adìẹ kú. Ó gun ọ̀kadà, ó fẹsẹ̀ ṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó wò mí lójú, ó ní bí ọkọ̀ tí òun fẹ́ fi máa gbé èèyàn kọjá odò yìí ò bá rìn, òun náà ń lọ nìyẹn, kí n má retí òun. Nítorí náà Ará Ẹ̀pẹ́ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2

Tàjùdéèn wá láti Èrúwà. Òun ni mẹkáníìkì tó ń tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ṣe káàkiri agbègbè wa. Ọkùnrin jẹ́jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá. Ó tú páìpù kan, ó gbọ̀n ọ́n sílẹ̀ — èèpá funfun, èèpá pupa.

Ó ṣàlàyé fún wa. Ẹ́ńjìnnì yìí ò ní omi tirẹ̀. Rọ́bà kan wà tó fi ń fa omi odò mu. Omi náà á yí inú rẹ̀ po, á sì tọ̀ ọ́ síta lẹ́yìn. Bó ṣe ń tutù nìyẹn. Nítorí náà ohun tó mu ní Ẹ̀pẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, ẹrẹ̀ tí yóò mu níbí sì ń bọ̀. Oògùn rẹ̀ ni omi kànga. Ká pọn ọ́n kún dúrọ́ọ̀mù, ká ti ẹnu rọ́bà bọ̀ ọ́, ká tan ẹ́ńjìnnì, kó máa mu kó máa tọ̀, títí èyí tó ń jáde yóò fi rí bí èyí tó ń wọlé. Lójoojúmọ́, tó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́.

"Omi lásán o, Bàbá. Ẹ má fi nǹkankan kún un."

Mo bi í bóyá omi lásán lè ṣí ohun tó ti lẹ̀ láti ọdún gbọọrọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní irú iyọ̀ wo ni mo rí tí omi ò lè yọ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìpẹtà kì í ṣe iyọ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní èyí tó bá fẹ́ kúrò nínú ìpẹtà á kúrò fúnra rẹ̀. Èyí tó bá dúró, bóyá òun ló di irin náà mú, ká fi í sílẹ̀.

Kí ni ìyẹn? Irin tí ìpẹtà dì mú?

Búrẹ́mọ̀ wà níbẹ̀, ó jókòó sórí odó tó dojú dé. Ó ní, "Kí-ló-tún-kù, ṣé o ti gbọ́? Àbí ó tún kù?" Kí-ló-tún-kù ni orúkọ tó sọ mí láti ìgbà tí a ti jọ wà nílé ìwé. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Japheth ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 4

A fọ̀ ọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ohun tó kọ́kọ́ jáde pupa bí epo. Lẹ́yìn náà ó pọ́n bí omi tí a fi ṣan ìṣasùn. Dúrọ́ọ̀mù kan tán, a pọn òmíràn. Kò mọ́.

Keturah ló pọn ún, Keturah tó ní ẹ̀gẹ́ tó fẹ́ bó. Ó ní, "Bàbá, kànga yìí máa gbẹ nínú òjò." Ó fi ẹ̀rín sí i, ṣùgbọ́n mo rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Japheth ní ó tó. Mo ní kò tó.

Ọjọ́ Àìkú, 7

Mi ò gbọ́ ìwàásù. Páìpù ni mò ń rò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9

Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó lọ, ó bọ̀. Oko àwọn ará abúlé, odindi ẹ̀gẹ́ wa, òdìkejì odò ló wà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ẹsẹ̀ la fi ń kọjá, báyìí, tí kì í bá ṣe ọkọ̀, oòrùn á ti wọ̀ ká tó yí gba orí afárá débẹ̀. Inú wọn dùn. Japheth dúró nídìí ẹ́ńjìnnì, ó na àyà. Ó pẹ́ tí mo ti rí i bẹ́ẹ̀.

Hàlímọ̀, ìyàwó Búrẹ́mọ̀, ló kọ́kọ́ wọ ọkọ̀, òun àti àpò gaàrí rẹ̀. Ó ń pè mí láti inú ọkọ̀: "Ẹ wọlé, Bàbá Japheth. Ọkọ̀ tó gbé gaàrí mi, ṣé ẹ̀rù yín ni yóò wá rì í?" Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín da ọkọ̀ nù. Mi ò wọlé. Mo dúró létí odò títí wọ́n fi gúnlẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 12

Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ la ń fọ̀ ọ́. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni èèpá ìpẹtà ń bá omi jáde. Mo ń ṣà wọ́n sínú agolo mílíìkì. Mo gbé agolo náà fún Japheth láàárọ̀, ó wò ó. Mo tún gbé e fún un lọ́sàn-án. Mo ní bí èyí tó jáde bá tó báyìí, mélòó ló kù nínú ibẹ̀? Bí ọ̀kan bá há sọ́nà omi ńkọ́, láàárín odò?

Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ó ní, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ẹ sọ ọ́. Màá ṣe é."

Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ kó ṣe. Mo ní kó ṣáà mọ́. Ìyẹn nìkan. Kí inú rẹ̀ mọ́.

Kò parí oúnjẹ náà.

Ọjọ́ Ajé, 15

Èèpá. Mo sọ fún un. Ó kúrò nílé.

Ọjọ́rú, 17

Lánàá ọkọ̀ ò ṣiṣẹ́. Japheth ní ẹ́ńjìnnì ń sinmi.

Láàárọ̀ yìí ó tàn án, ó ti rọ́bà bọ omi kànga. Mo ti gbé agolo mi dání. Lákọ̀ọ́kọ́ omi náà dúdú díẹ̀, ó ń hó, mo sì ti ń la ẹnu — kí n tó sọ̀rọ̀, ó mọ́. Ó mọ́ bí omi àmù. Mo gbé ọwọ́ sí i, mo wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Kò sí èèpá, ẹyọ kan.

Mo bi í pé kí ló ṣe. Ó ní, "Omi ni, Bàbá." Keturah ń wo ilẹ̀. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Àlejò dìde kúrò láyà mi. Mo jẹ ẹ̀kọ méjì.

Japheth wá jókòó tì mí. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Ó ní òun ti ṣe ohun tí mo fẹ́, ohun kan ni òun náà ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí n má sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí sétí òun mọ́. Mo ṣèlérí. Búrẹ́mọ̀ ní òun ni ẹlẹ́rìí, ó ní tí mo bá fi lè dákẹ́ dọ́jọ́ Jímọ̀, òun á pa àkùkọ fún mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20

Àkùkọ ò wá. Mo sì dákẹ́ o.

Ṣùgbọ́n omi tó ń tọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ ti kéré. Tẹ́lẹ̀ ó tó ọrùn ọwọ́ mi. Lónìí ó tó ìka. Bóyá ojú mi ni. Mo bú ara mi. Mo ti ṣèlérí.

Ọjọ́ Ajé, 22

Bí ìtọ̀ arúgbó. Ó ń kán ju bó ṣe ń dà lọ.

Òórùn kan sì wà lára Ará Ẹ̀pẹ́ nígbà tó gúnlẹ̀, òórùn nǹkan kíkan tí iná ti sè. Mo ní ti ibi tí Keturah ti ń yan gaàrí ni atẹ́gùn gbé wá. Mo mọ̀ pé atẹ́gùn ò ti ọ̀hún fẹ́.

Mo la ẹnu. Japheth wò mí. Mo pa á dé.

Búrẹ́mọ̀ gbọ́wọ́ lé mi léjìká. Ó ní, "O ti wá di èèyàn báyìí."

Ọjọ́rú, 24

Òjò. Odò ti wọ inú oko ìlá. Wọ́n ní ó ṣì ń rọ̀ lókè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27

Mi ò lè kọ̀wé láti Ọjọ́bọ̀. Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n tó gbàgbé, tàbí kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe.

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí òjò dá. Ọkọ̀ ń bọ̀ láti òdìkejì, ó kún fún èèyàn àti àpò. Mo dúró níbi tí mo máa ń dúró. Omi náà yára, ó ń gbé igi lọ. Japheth fún ẹ́ńjìnnì lágbára kó lè là á kọjá. Mo gbọ́ tí ohùn rẹ̀ yí padà. Èéfín funfun bo ẹ̀yìn ọkọ̀. Lẹ́yìn náà kò sí ohùn mọ́, omi nìkan. Ọkọ̀ náà yí ìhà sí odò, odò gbé e, ó gbé e lọ bá igi àràbà tó wó sínú omi, ó sì dojú rẹ̀ dé.

Wọ́n fa èèyàn yọ. Japheth di ẹ̀ka igi mú. Gbogbo wọn la rí, àfi Hàlímọ̀.

Àná ni wọ́n rí i, nísàlẹ̀, níbi tí odò ti ya. Wọ́n sin ín kí ìrun àṣálẹ́ tó tó. Mo lọ. Búrẹ́mọ̀ jókòó sórí ẹní, ó ń wo bàtà àwọn tó wá kí i. Kò gbójú sókè. Mo jókòó, mo dìde.

Ọjọ́ Ajé, 29

Japheth kọjú sí ògiri. Kò jẹun, kò fọhùn. Tí mo bá wọlé, ó ń pa ojú dé.

Àwọn èèyàn ti rí ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi rù. Wọ́n ní Tàjùdéèn ni, òun ló ṣe ẹ́ńjìnnì, ó ṣe é ní ìdàkudà. Àwọn gende lọ bá a ní Èrúwà, wọ́n gba àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ní tí kò bá wá ṣàlàyé, àwọn á dáná sun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọ́n lè ṣe é. Mo mọ̀ wọ́n.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Ọ̀wàrà

Tàjùdéèn wá fúnra rẹ̀. Wọ́n ti fa ọkọ̀ náà gun èbúté. Ó bẹ̀ mí pé kí n dúró ti òun, kí ẹnì kan lè rí ohun tí òun bá rí. Sípánà tó yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn ló fi tú u.

Ó ti ìka bọ ọ̀nà omi. Ó fa nǹkan kan yọ — ó funfun bí eérú, ó ń fà, ó ti dì, èèpá ìpẹtà sì há sínú rẹ̀ bí ẹ̀wà nínú mọ́ínmọ́ín. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó nà án sí mi.

"Bàbá, kí lèyí?"

Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní ìlú ẹlẹ́gẹ̀ẹ́? Ohun tí obìnrin fi ń mú aṣọ le ni. Sítáàṣì. Omi ẹ̀gẹ́ tí iná ti sè.

Ó ní, "Omi lásán ni mo wí. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀." Ó jókòó sórí ilẹ̀ tútù. Ó bi mí pé ta ló ṣe é. Mo ní mi ò mọ̀. Òtítọ́ ni, ní wákàtí yẹn.

Mo lọ bá Keturah lẹ́yìn àgbàlá. Kò jẹ́ kí n bèèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Bí a ti ń ṣe àdá wa ni wọ́n ṣe é. Àdá tó bá dógùn-ún, à á rẹ ẹ́ sínú omi tó ro kúrò lára ẹ̀gẹ́ tí a tẹ̀, tó ti kan. Tílẹ̀ bá mọ́, irin á funfun. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Japheth ní níwọ̀n ìgbà tí Bàbá ò ní jẹ́ kí òun sinmi, ohun tí òun máa ṣe nìyẹn. Ó gba omi ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó rọ ọ́ kún inú Ará Ẹ̀pẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ó fi í sílẹ̀ lódindi ọjọ́ kejì. Wọn ò sọ fún mi, kí n má baà tún dààmú. Omi náà jẹ ìpẹtà. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun rẹ̀ sùn sísàlẹ̀, ooru ẹ́ńjìnnì sì sè é díẹ̀díẹ̀, ó ń mú èèpá tó ti ṣí mọ́ra, títí ọ̀nà fi dí.

Keturah ò bínú nígbà tó ń sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kó mọ́, Bàbá."

Ọjọ́bọ̀, 2

Tàjùdéèn ti fi nǹkan náà han àwọn àgbà. Wọ́n ní òun ló fi síbẹ̀, kó lè rí ẹni ti ẹ̀bi náà sí. Lọ́la, lẹ́yìn Jímọ̀, wọ́n á jókòó níwájú ilé Búrẹ́mọ̀ láti parí rẹ̀.

Mo wọlé lọ bá Japheth. Mo sọ fún un pé mo ti mọ̀. Ó yí ojú sí mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Ẹ má sọ." Lẹ́yìn náà ó ní tí wọ́n bá gbọ́, òun ò ní dúró de ilẹ̀ tó máa mọ́ níbí.

Tí mo bá dákẹ́, Tàjùdéèn á rù ú. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ọmọ tó kù fún mi á lọ. Mo ti dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù tó kọjá. Mo rí ohun tí ìdákẹ́ mi ṣe.

Mi ò jẹun. Àlejò ò tiẹ̀ jókòó mọ́, ó dùbúlẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 3

Mo dìde láàárín wọn. Mo ní èmi ni.

Mo ní Japheth lọ sí Èrúwà lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ò ṣiṣẹ́, mo rọ omi ẹ̀gẹ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, mo lọ dà á sínú ẹ́ńjìnnì, torí pé ìpẹtà ò jẹ́ kí n sùn. Mo ní Tàjùdéèn kìlọ̀, mi ò gbọ́. Mo ní ọmọ mi ò mọ̀.

Mo ti to ìdáhùn jọ láti àná. Bí wọ́n bá bi mí pé báwo ni èmi arúgbó ṣe gbé kẹ́ẹ̀gì sọ̀ kalẹ̀ dé etí odò. Bí wọ́n bá ní ta ló bá mi tú nọ́ọ̀tì. Ta ló rí mi. Mo ti wá èsì fún gbogbo rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkankan. Kò sẹ́ni tó yà lẹ́nu. Ẹnì kan kàn mi orí. Ẹlòmíràn ní, "Mo ti ń fura." Obìnrin kan lẹ́yìn ní ṣé a rí ohun tí wọ́n ń pè ní àfọwọ́fà, ọkùnrin yìí ò fi ẹ́ńjìnnì náà lọ́rùn sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé.

Búrẹ́mọ̀ gbójú sókè. Ó ní kí wọ́n dá àpótí Tàjùdéèn padà fún un. Lẹ́yìn náà ó ní, kò pariwo rárá, "Má dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi mọ́."

Tàjùdéèn gbé àpótí rẹ̀. Ó wò mí títí. Òun mọ̀ pé mo ní mi ò mọ̀ nígbà tó bi mí, ó sì rí ojú mi lọ́jọ́ náà. Ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4

Japheth jẹun. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí Keturah tún bù sí i. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Abọ́ ló ń wò nígbà tó sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Mo pàdé Búrẹ́mọ̀ lójú ọ̀nà oko. Ó yà sínú koríko títí mo fi kọjá.

Ọjọ́bọ̀, 9

Àwọn méjì wá kí wa láti ìhà Lánlátẹ̀, wọ́n jókòó síwájú ilé pẹ̀lú Japheth. Èmi wà lẹ́yìn ògiri, mò ń já ewé kúrò lára igi ìdáná. Ohùn rẹ̀ ti padà sípò. Ó dùn mọ́ mi láti gbọ́ ọ, kí n tó gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ó ní, "Mo kìlọ̀ fún wọn. Mo ní, Bàbá, omi lásán ni mẹkáníìkì wí. Ẹ bá mi wò ó, àgbàlagbà, ṣé wọ́n ń gbọ́?" Ó ní lọ́jọ́ kan òun bá mi pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, òun já a gbà lọ́wọ́ mi, mo sì bú òun. Ó sọ àwọ̀ kẹ́ẹ̀gì náà. Ó sọ èébú tí mo bú. Ó sín ohùn mi jẹ, àwọn àlejò rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n káàánú díẹ̀.

Kò sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ dáadáa débi pé mo rí kẹ́ẹ̀gì náà.

Keturah ń bọ̀ láti ìdí kànga, ó gbọ́, ó dúró. Ó wò mí. Mo mi orí fún un pé kó má sọ̀rọ̀. Ó gbé omi rẹ̀ wọlé.

Àwọn àlejò bi í pé kí ló fẹ́ ṣe báyìí. Ó ní òun ti ránṣẹ́ sí Tàjùdéèn nípa ẹ́ńjìnnì náà, kò tíì dáhùn, ṣùgbọ́n ó máa dáhùn. Ó ní òun máa padà sórí omi, tí wọ́n bá ti lè bá òun mú Bàbá jìnnà sí i.

Kò ní lọ mọ́. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn.